Ibo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀ Ìtàn Storm? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ka Kọ́míìkì Ororo Munroe

Bí mo bá ti sọ fún èèyàn pé Storm ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo akọni inú kọ́míìkì, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e kì í yàtọ̀: ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè ọ̀hún tọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń kọ ìtàn obìnrin yìí, àwọn ìwé náà kò sì sí lójú kan. Mo ti fẹnu dáhùn, mo ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo wá kó ìdáhùn náà jọ síbí.

Ta ni Storm yìí gan-an?

Ororo Munroe lorúkọ rẹ̀. N'Dare ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba láti Kẹ́ńyà. David Munroe bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, oníròyìn tó ń ya fọ́tò. Harlem ní New York ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Cairo kó tó mọ ìrìn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kan já lu ilé wọn lásìkò ogun Suez. Bàbá kú, ìyá kú, ọmọ wà láàyè lábẹ́ àwókù ilé, òkú ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ibi tó bá há ti máa ń dẹ́rù bà á débi pé kò ní lè mí.

Ọmọ òrukàn náà di olè ìgboro ní Cairo. Achmed el-Gibar, ọ̀gá àwọn olè, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń já àpò àti bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo. Nígbà tó gbọ́njú, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà gúúsù títí dé Serengeti. Agbára rẹ̀ jí. Afẹ́fẹ́, òjò, yìnyín, mànàmáná, gbogbo wọn ń gbọ́ tirẹ̀. Irú àwọn tí a bí agbára mọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Marvel ń pè ní mutant, ẹgbẹ́ tí wọ́n kó ara wọn jọ sí sì ni X-Men.

Kí ló dé tí n kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti X-Men nọ́ńbà kìíní?

Nítorí pé kò sí níbẹ̀. Ọdún 1963 ni Stan Lee àti Jack Kirby bẹ̀rẹ̀ X-Men, Storm kò sì dé títí di Giant-Size X-Men nọ́ńbà 1 ní 1975, èyí tí Len Wein kọ, tí Dave Cockrum ya. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1963 yóò ka ìwé fún oṣù mélòó kan kó tó rí ojú ẹni tó ń wá. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe é. Ó sú u, ó sì pa á tì kó tó dé 1975.

Ìṣòro kejì ni pé ìwé tó ń jẹ́ Storm fúnra rẹ̀ kò jáde títí di 1996, nọ́ńbà mẹ́rin péré sì ni. Ọdún 21 ló fi wà láyé láìní ìwé tirẹ̀. Inú ìwé X-Men ni gbogbo ayé rẹ̀ wà. Ó dà bí ẹni tó ń gbé nínú agboolé ńlá: kò ní yàrá tirẹ̀, àmọ́ kò sí yàrá tí èèyàn kò ní bá ipasẹ̀ rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má tẹ̀lé ìwé, ipasẹ̀ obìnrin náà ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kó má baà dà yín láàmú: ìwé tó ń jẹ́ X-Men di Uncanny X-Men láti nọ́ńbà 142 ní 1981. Ìwé kan náà ni, iye rẹ̀ ń bá a lọ ni. Bí mo bá sọ pé nọ́ńbà 102 tàbí nọ́ńbà 186, ọ̀wọ́ kan náà ni mò ń sọ.

Ó dáa. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ẹyọ kan ṣoṣo ni mo máa kà, èwo ni?

Uncanny X-Men nọ́ńbà 186, October 1984. Àkọlé rẹ̀ ni "Lifedeath". Chris Claremont ló kọ ọ́, Barry Windsor-Smith ló yà á.

Àwọn èèyàn máa ń yà mí lẹ́nu bí wọ́n bá ní kí ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Storm ti ń ju mànàmáná. Nínú nọ́ńbà 186 kò ju nǹkan kan. Agbára ti tán. Nínú nọ́ńbà tó ṣáájú, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, Henry Gyrich, gbé ìbọn kan tó ń pa agbára mutant, Rogue, ọ̀kan nínú àwọn X-Men, ló fẹ́ fi bá, Storm ló bá. Nígbà tí 186 ṣí, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, nínú ilé gíga kan ní Dallas, kò fẹ́ jẹun, kò fẹ́ dìde. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni Forge, ọmọ ẹ̀yà Cheyenne, ẹni tó mọ nǹkan-kí-nǹkan ṣe, tó sì padà láti ogun Vietnam pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ àti ọwọ́ irin.

Ẹ wo bí Windsor-Smith ṣe ya ojú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọdé ni ara obìnrin yìí ti máa ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ kan ń bá a sọ̀rọ̀ létí láìdákẹ́. Ó la ojú lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwòrán náà kò kánjú. Ó jẹ́ kí ẹ rí i bó ṣe jókòó, bó ṣe dojú kọ fèrèsé, bó ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ èèyàn lásán. Ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àárín òun àti Forge. Ó jẹun níwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ pé Forge gan-an ló ṣe ìbọn yẹn. Ẹ kà á fúnra yín bó ṣe dá a lóhùn àti bó ṣe jáde nílé náà.

Ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ka nọ́ńbà yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dìde láàárọ̀ tí n kò mọ ohun tí mo dìde fún. Ìwé yìí kò fún mi níṣẹ́, àmọ́ nígbà tí Storm sọ pé òun yóò tún fò, bí kò tilẹ̀ sí agbára, mo pa ìwé náà dé, mo sì lọ wẹ̀. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rèé tí kò sí ibòmíràn tí mo lè ní kí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé n kò ní sọnù bí mo bá já wọ àárín ìtàn báyìí?

Rárá. Ẹ ti mọ̀ pé ibi tó há máa ń dẹ́rù bà á, ẹ ti mọ̀ nípa ìbọn. Ohun kan tó kù ni pé nígbà yẹn òun ni olórí X-Men. Láti nọ́ńbà 139 ní 1980 ni, lẹ́yìn tí Cyclops, olórí wọn tẹ́lẹ̀, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ óò rí àwọn ojú ewé kan nínú 186 tó ń sọ nípa ọ̀tá mìíràn àti ọ̀ràn mìíràn. Ẹ kà wọ́n kọjá. Bí Claremont ṣe máa ń kọ̀wé nìyẹn, ó máa ń gbin irúgbìn tí yóò hù ní oṣù mẹ́fà sí i.

Lẹ́yìn 186 ńkọ́?

Nọ́ńbà 198, "Lifedeath II", 1985, òǹkọ̀wé kan náà, ayàwòrán kan náà. Storm ti padà sí Áfíríkà, ó ń rìn láìlágbára lórí ilẹ̀ tí ọ̀dá ti pa. Ó pàdé ọ̀dọ́bìnrin kan tó lóyún, ó sì bá a dé abúlé rẹ̀. Iye èèyàn tí ilẹ̀ abúlé náà lè bọ́ ní ìwọ̀n, kò lè kọjá rẹ̀. Bí ọmọ tuntun bá dé, àgbà kan á dìde, á fi ìjókòó sílẹ̀ fún un, á rìn wọ inú igbó lọ kú. Nígbà tí ọmọ náà bá dé, Storm kò ní mànàmáná tó lè fi dá sí i. Ọwọ́ rẹ̀ àti èémí rẹ̀ nìkan ló ní.

Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà 201, 1986. Cyclops fẹ́ gba ipò olórí padà. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wọ yàrá ìdánrawò, kí ẹni tó bá borí di olórí. Cyclops ní iná lójú, Storm kò ní nǹkan kan. Ọgbọ́n olè Cairo ló fi ja ìjà náà: ó sá pamọ́, ó dúró, ó fi gbogbo inú yàrá ṣe ohun ìjà, ó sì bọ́ awò ojú Cyclops lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rò pé mo ti ba ìtàn náà jẹ́ fún yín, nítorí adùn rẹ̀ wà nínú bó ṣe ṣe é.

Agbára rẹ̀ padà ní nọ́ńbà 225 dé 227, ní 1988, nígbà tí òun àti Forge gbé ayé mìíràn fún ọdún kan. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Irun rẹ̀ tó dúró ní àárín orí, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ńbà 170 dé 173, ní 1983. Paul Smith ló yà wọ́n, àfi 171 tí Walt Simonson yà. Ẹ má fò wọ́n, ẹ ò báà ti ka 186 tán kí ẹ tó padà síbẹ̀.

Ní nọ́ńbà 170, ó lọ sí abẹ́ ilẹ̀ New York, nínú ihò tí àwọn Morlocks ń gbé, àwọn mutant tí ojú wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé láàárín èèyàn. Callisto olórí wọn ti jí Angel, ọ̀kan nínú àwọn X-Men àtijọ́, gbé. Kitty Pryde, ọmọbìnrin kékeré tí Storm ń tọ́ bí ọmọ, ń kú lọ. Ara Storm fúnra rẹ̀ kò yá. Ó sì há níbẹ̀, òkè orí rẹ̀ jẹ́ òkúta. Ó pe Callisto níjà ọlọ́bẹ, ẹnì kan sí ẹnì kan, ẹni tó bá kú, ó kú. Gbogbo èèyàn rò pé obìnrin oníwà tútù yìí, ẹni tó ti búra pé òun kò ní pa ẹ̀dá kankan mọ́, yóò fawọ́ sẹ́yìn nígbẹ̀yìn. Kò fawọ́ sẹ́yìn. Ó gún un láyà. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń wo èèyàn sàn, òun ló dá ẹ̀mí Callisto padà, ṣùgbọ́n Storm kò mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó gún un. Bó ṣe di olórí àwọn Morlocks nìyẹn.

Ohun tó ṣe yẹn kò jẹ́ kó lè padà sí bó ṣe wà. Ní Japan, òun àti Yukio, obìnrin kan tí ikú kò bà lẹ́rù, jọ rìn káàkiri. Nígbà tó padà fojú hàn ní nọ́ńbà 173, ó ti fá ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì, ó dá àárín sí, jákẹ́ẹ̀tì awọ dúdú lọ́rùn. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ wò ó. Kitty ni kò lè gbà á. Ó sunkún, ó sì sá lọ. Ìyá tó mọ̀ ti yí padà láìbi í léèrè. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí, tàbí tí ìyá rẹ̀ ti ṣe ohun tí kò retí rí, yóò dúró lórí ojú ewé yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Ṣé Giant-Size X-Men nọ́ńbà 1 kò wá wúlò mọ́ ni?

Ó wúlò. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ kà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ obìnrin náà. Ojú ewé mélòó kan péré ló ní níbẹ̀. Àwọn ará abúlé kan ní Kẹ́ńyà wà lórí eékún, wọ́n ń bẹ òrìṣà wọn fún òjò, Storm sì rọ òjò fún wọn. Charles Xavier, ẹni tó dá X-Men sílẹ̀, dé, ó ní òrìṣà kọ́ ni, mutant ni, kó máa bọ̀.

Kí n sọ òtítọ́ inú mi: ibẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Wọn kò sọ ẹ̀yà tí àwọn èèyàn náà jẹ́, wọ́n kàn kúnlẹ̀ ni. Ẹni tó wá láti Amẹ́ríkà ló wá sọ fún ọmọ wọn ohun tó jẹ́. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà funfun ló kọ ọ́ fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní 1975, ó sì hàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó jáde níbẹ̀ náà. Ní ọdún yẹn, obìnrin adúláwọ̀ tó lágbára ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò wọ́pọ̀ nínú kọ́míìkì ilé iṣẹ́ ńlá. Irun funfun tí Cockrum fi sí i lórí, àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò sọ ọ́ di ìyá àgbà. Cockrum kò yí i padà, ó sì ṣe dáadáa.

Àwọn nọ́ńbà àtijọ́ wo ló tún ṣe pàtàkì?

Nọ́ńbà 102, 1976. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Cairo. Ìjà ń lọ lọ́wọ́, Storm sì jókòó, ó dì mọ́ ara rẹ̀, kò lè gbéra, nítorí ibi tí wọ́n wà há.

Nọ́ńbà 113, níbi tí Magneto ọ̀tá wọn ti so gbogbo wọn mọ́ àga, tí Storm sì fi ẹnu mú irin kékeré tí wọ́n fi ń ṣí àgádágodo. Nọ́ńbà 117, níbi tí Xavier ti rántí ọmọbìnrin kékeré onírun funfun kan tó jí pọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Cairo. Nọ́ńbà 145 dé 147, ní 1981: Doctor Doom, ọ̀tá mìíràn, sọ Storm di ère irin, òun sì wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀rù tó máa ń bà á. Ìjì tó jáde nínú rẹ̀ nígbà tí irin náà fọ́ kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ mọ́.

Ṣé orúkọ Yorùbá ni Ororo? Ṣé Ọya ni wọ́n fi dá a?

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló máa ń béèrè èyí, èmi náà béèrè rẹ̀. Orúkọ náà kì í ṣe Yorùbá. Nínú kọ́míìkì, wọ́n ní ẹwà ló túmọ̀ sí ní èdè àwọn èèyàn ìyá rẹ̀. Ní tiwa, òróró tí a fi ń dín dòdò ni etí kọ́kọ́ gbọ́. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Ti Ọya ńkọ́? Èèyàn á rí obìnrin tó ń gun afẹ́fẹ́, tí mànàmáná ń ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í fúnra rẹ̀: Ọya, ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ tí ń dá igi lókè lókè. Ó máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n Storm kò ti ọ̀dọ̀ Ọya wá. Cockrum ti ya obìnrin kan tó dà bí ológbò, ó ti ya ẹlòmíràn tó ní agbára ojú ọjọ́, ó sì pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn Ọya, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí Iansã ní Brazil, lè fi ojú yẹn ka Storm kó sì gbádùn rẹ̀, bó bá ṣáà ti mọ̀ pé òun ló gbé Ọya wá síbẹ̀.

Mo gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló ń kọ ọ́ báyìí. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ní October 2024 ni Marvel bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Storm tuntun tí Murewa Ayodele kọ, tí Lucas Werneck yà. Ọmọ Nàìjíríà ni Ayodele. Kó tó débẹ̀, òun àti ayàwòrán Dotun Akande, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ti jọ ṣe I Am Iron Man fún Marvel ní 2023.

Inú mi dùn débi pé mo pariwo nígbà tí mo rí orúkọ náà lójú ìwé. Èmi tó bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ará abúlé aláìlórúkọ tó kúnlẹ̀ ní 1975, mo ṣí ìwé Storm, mo sì bá orúkọ tí ìyá mi lè pè láìkọsẹ̀.

Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀? Ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 1 ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Storm fi Atlanta ṣe ibùjókòó, ìtànṣán olóró kan tó bú jáde ní Oklahoma City ló sì dá ọ̀ràn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ti àwọn agbára tó ga ju ayé yìí lọ. Ìtàn Ayodele máa ń sáré, ó sì máa ń fò sókè gan-an. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ka 186 àti 198 kọ́kọ́, wákàtí méjì ni, kí ẹ tó ṣí ti Ayodele. Ẹ óò mọ ohun tó wà nílẹ̀ láti pàdánù.

Ṣé òun kọ́ ni ìyàwó Black Panther?

Ó ti jẹ́ ẹ rí. Reginald Hudlin ló kọ ìgbéyàwó wọn, Black Panther nọ́ńbà 18, 2006. Ní ọdún kan náà, Eric Jerome Dickey kọ Storm onínọ́ńbà mẹ́fà tó sọ bí òun àti T'Challa, ìyẹn Black Panther fúnra rẹ̀, ṣe pàdé nígbà èwe. Ìgbéyàwó náà tú ká ní 2012, lásìkò ìjà àárín Avengers, ẹgbẹ́ akọni mìíràn, àti X-Men.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbí. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ayaba Wakanda, ìlú Black Panther, lè rò pé ipò yẹn ló fún un níyì.

Nínú àwọn ìwé tó ń jẹ́ Storm fúnra wọn, èwo ló dára jù?

Ti Greg Pak, 2014 sí 2015, nọ́ńbà mọ́kànlá lápapọ̀. Victor Ibáñez ló kọ́kọ́ yà á. Ní nọ́ńbà 1, ó gba abúlé kan sílẹ̀ lọ́wọ́ omi òkun ní orílẹ̀-èdè Santo Marco, ìjọba ibẹ̀ sì ní kó máa lọ. Ọmọ ilé ìwé kan tún wà, Marisol, ọmọ Mexico, tó ń bínú sí gbogbo wọn nítorí pé àárò ilé ń sọ ọ́. Gbogbo èèyàn ń sọ fún ọmọ yẹn pé ilé ìwé ló dára fún un. Storm gbé e lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹni tó ti rán ọmọ lọ gbé lókèèrè rí yóò mọ̀ pé ìpinnu yẹn kò rọrùn. Bí 1984 bá ti jìnnà jù sí yín, tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ewé sì máa ń rẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí, mo fọwọ́ sí i.

Ti Ann Nocenti ní 2023, nọ́ńbà márùn-ún, padà sí àsìkò tó fá orí. Ó mọ àsìkò náà dáadáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni olóòtú X-Men ní àwọn ọdún 1980. Ti Warren Ellis ní 1996 kò pọn dandan.

X-Men Red tí gbogbo èèyàn ń yìn ńkọ́?

Al Ewing ló kọ ọ́, 2022 sí 2023, nọ́ńbà méjìdínlógún lápapọ̀. Storm ń ṣàkóso lórí Mars, èyí tí àwọn mutant ti sọ di ilé tí wọ́n sì pè ní Arakko. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn Claremont, n kò rí èyí tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó gba ìpìlẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ ti ka House of X ti 2019 àti Planet-Size X-Men ti 2021, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò máa béèrè ta ni ta lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ṣe ìwé ọdún tó ń bọ̀.

Fíìmù nìkan ni mo mọ̀. Ṣé ó tó?

Halle Berry ṣe é láti 2000, Alexandra Shipp ṣe é ní 2016 àti 2019. Àwọn méjèèjì ṣe ohun tí wọ́n fún wọn láti ṣe, kò sì pọ̀. Fíìmù àwòrán X-Men '97 ti 2024 sún mọ́ ọn jù: ó fi "Lifedeath" ṣe ìtàn nínú apá kẹrin àti apá kẹfà. Bí ẹ bá ti wò ó, ẹ ti mọ Forge. Ẹ wá ka bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́.

Báwo ni mo ṣe máa rí wọn kà?

Marvel Unlimited ni ó rọrùn jù: owó oṣooṣù, ẹ ó sì rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà lórí fóònù tàbí tablet. Nọ́ńbà tuntun máa ń débẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ fẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí dátà bá wà, ẹ óò lè kà á nínú bọ́ọ̀sì. Fún 186 àti 198, bí ẹ bá lè yá tablet, ẹ yá a. Ojú fóònù kéré jù fún àwòrán yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ìwé lọ́wọ́, àwọn ìdìpọ̀ Epic Collection wà. Èyí tó ń jẹ́ Second Genesis ní Giant-Size nọ́ńbà 1 àti 94 dé 110 nínú. Bí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí tó ń bọ̀ láti London tàbí Houston, ẹ kọ àkọlé àti iye nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ má kàn sọ pé "ra X-Men bọ̀". Nígbà kan, ẹnì kan ta ìdìpọ̀ kan fún mi pé ìwé Storm ni. Nígbà tí mo dé ilé, mo rí i pé nọ́ńbà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Storm sì sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi ọdún mẹ́wàá fẹ́ kà á. Kí ni kí n fún un?

Ẹ fún un ní ti Greg Pak, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ fi ìjà ọ̀bẹ nọ́ńbà 170 pamọ́ dìgbà tó bá dàgbà díẹ̀, àti 186 pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn nọ́ńbà 113 jù, nítorí irin tó fi ẹnu mú. Àbúrò inú wọn gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sókè.